Ọkọ̀ Oníná ní Ìlọrin: Ṣé Iná Ilé Ni Kí Ẹ Fi Ṣáájì Í, Tàbí Kí Ẹ Lọ Sanwó Níta?

Ìbéèrè tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tánkẹ́ ní Ìlọrin ni mò ń gbé, mo sì máa ń wa ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù mi tán, mo sì ti rí Nissan Leaf oníná tòkunbọ̀ kan tí mo fẹ́ rà. Àbúrò mi tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n ṣọ́ra, pé owó tí òun ń san láti ṣáájì ọkọ̀ níta ju owó epo lọ, pé ilé nìkan ni èrè wà. Aládùúgbò mi ní irọ́ ni, pé ilé gan-an ni òfò wà nítorí pé Báǹdì A, ìsọ̀rí tí iná rẹ̀ wọ́n jù, ni àdúgbò wa, ọkọ̀ náà yóò sì máa gbé káàdì mítà mi mì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé kí n tilẹ̀ ta Corolla mi?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrìn ọ̀nà Ọ̀fà. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì ló tó yé mi pé kì í ṣe ọkọ̀ náà ló ń kọ yín lóminú. Ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ lè sá fún owó epo kí ẹ sì lọ bọ́ sọ́wọ́ owó iná. Àbúrò yín kò parọ́, aládùúgbò yín náà kò sì parọ́ tán. Ohun tó da ọ̀rọ̀ wọn rú ni pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iye kan ṣoṣo ni iná ilé, tí iná ìta náà sì jẹ́ iye kan ṣoṣo. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fa wáyà sílé onílé ní Ìlọrin, ilé tí mo ti bá iná ẹyọ kan kò pọ̀ rárá. Iná tí a fi mítà rà wà, ti sólà wà, ti jẹnẹrétọ̀ wà, iye tí yúnìtì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ná olówó yàtọ̀ síra bí owó iṣu ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ìgbà ìkórè. Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá ilé ni tàbí ìta, iná wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi orí yúnìtì bẹ̀rẹ̀. Yúnìtì kan ni iná tí áyọ́ọ̀nù alágbára 1,000 wáàtì ń jẹ bí ó bá wà lórí iná fún wákàtí kan gbáko. Bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú, yúnìtì kan náà yìí ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Leaf tó jáde láti ọdún 2018 sábà máa ń gba yúnìtì 40 nígbà tó ṣì wà ní tuntun, àwọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 2011 kò sì gbà ju 24 lọ. Lójú ọ̀nà tiwa, pẹ̀lú éésì tó ń ṣiṣẹ́ àti kòtò tí a ń yà fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yúnìtì 17 ni mo máa ń ṣírò pé yóò kúrò nínú bátìrì fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹni tó ń sáré àsápajúdé yóò rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó rọra ń wà á láàárín ìgboro yóò sì rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ iye tó wọ bátìrì kọ́ ni iye tí ẹ óò san. Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sí iwájú mítà oníbàárà mi kan ní Fátẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, nítorí pé òun náà ń jà pé ọkọ̀ ń jí òun ní yúnìtì. A pa fíríìjì, a pa fáànù, a pa gbogbo gílóòbù, ìyàwó ilé náà sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ sọ nǹkan tí kò sì sọ ọ́. Yúnìtì 61.8 ló wà lórí mítà nígbà tí a ki wáyà bọ ọkọ̀. Nígbà tí a yọ ọ́, ó ku 38.7. Ẹ̀rọ kékeré tí mo so mọ́ ọkọ̀ náà sọ pé 20.1 péré ló wọ inú bátìrì. Yúnìtì mẹ́ta ti di ooru dànù láàárín mítà àti bátìrì, lára wáyà àti lára ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di irú iná tí bátìrì lè gbà. Kò sí olè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí, àgàgà bí ẹ bá ń rọra fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ṣáájì. Nínú gbogbo ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe yìí, mo ti ka àdánù náà mọ́ ọn.

Ìṣirò tiyín rèé. Láti Tánkẹ́, kí ẹ gba Gánmọ, Ìdófìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpó dé Ọ̀fà kí ẹ sì padà wálé, mo fi í sí 120 kìlómítà pẹ̀lú ìyípo díẹ̀ nínú ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìyẹn jẹ́ 360. Mo fi 60 kún un fún ọjà, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àti àríyá òpin ọ̀sẹ̀. Kìlómítà 420 lọ́sẹ̀ yóò gba nǹkan bí yúnìtì 71 láti inú bátìrì, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 82 lórí mítà. Corolla tó ń jẹ lítà mẹ́sàn-án fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà yóò mu lítà 38 lójú ọ̀nà kan náà. Bí a bá fi lítà kan sí ₦900, owó epo yín lọ́sẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦34,000. Bí owó epo bá ti yí padà kí ẹ tó ka èyí, ẹ fi iye tí ẹ rà á kẹ́yìn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó fara sin sínú ìṣirò yẹn, nítorí òun ni mo fi ń dá gbogbo oníbàárà mi lóhùn. Ibi tí lítà epo kan lè gbé ọkọ̀ lásán dé, nǹkan bí yúnìtì méjì ni yóò gbé ọkọ̀ oníná débẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti bá iná pàdé, ẹ béèrè iye yúnìtì kan, kí ẹ sì fi í wé ìdajì owó lítà epo kan. Bí ó bá kéré sí ìdajì náà, èrè ń bẹ. Bí ó bá jù ú lọ, epo ló dín owó jù lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ wù wọ́n kí wọ́n kọ "aláwọ̀ ewé" sára ògiri ibùdó wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n yẹn wọn ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC, tó ń ṣàkóso owó iná, gbé owó àwọn tó wà ní Báǹdì A láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Báǹdì A fi ń dún létí àwọn ènìyàn bí orúkọ àìsàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n dín in kù sí ₦206.80, ó sì tún gòkè díẹ̀ sí ₦209.50 ní oṣù keje ọdún kan náà. Bí ẹ bá fi owó orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di nǹkan bí ₦225 tí ń jáde lápò yín gan-an. Ìdajì lítà epo tí a fi sí ₦900 jẹ́ ₦450. Báǹdì A tí a ń sá fún yìí wá jẹ́ ìdajì ìdajì náà. Yúnìtì 82 yín yóò ná yín ní nǹkan bí ₦18,500 lọ́sẹ̀, nígbà tí epo ń gba ₦34,000. Òótọ́ ni pé mítà yóò máa sáré, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé owó epo ti kúrò lọ́rùn òun yóò rò pé ẹnì kan ń fa iná òun. Ohun tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n ya owó iná ọkọ̀ sọ́tọ̀ sínú àpò tí owó epo ń wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má kó o pọ̀ mọ́ owó iná ilé. Ìjà tọkọtaya lórí mítà máa ń dínkù bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa báǹdì ni pé èyí tó dín owó jù kọ́ ló dára jù fún ọkọ̀. Wákàtí ni wọ́n fi pín wọn: Báǹdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, B fún mẹ́rìndínlógún, C fún méjìlá, D fún mẹ́jọ, E fún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gbé ti A sókè ní 2024, wọn kò fọwọ́ kan owó àwọn tó kù, kò sì tó ₦70 fún yúnìtì kan. Mo mọ ọkùnrin kan ní apá Ọjà Ọba tí inú rẹ̀ dùn gan-an pé yúnìtì òun pọ́ọ́kú, tó ra ọkọ̀ oníná nítorí rẹ̀, tí iná kò sì wá ju wákàtí márùn-ún lọ lójúmọ́ fún odidi oṣù kan. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń ṣáájì ọkọ̀ títí tó fi sú u. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá ní Gánmọ: àwọn òpó ńlá tó ń gbé iná bọ̀ láti Jẹ́bà ń kọjá lókè orí wa, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo nísàlẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an ni iná ilé tí aládùúgbò yín ì bá máa bẹ̀rù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo epo kì í sábà mú ju yúnìtì méjì wá láti inú lítà kan, èyí tó ti gbó kì í sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ìwọ̀n wa: yúnìtì méjì, lítà kan. Ìyẹn ni pé epo tí ẹ bá dà sínú jẹnẹrétọ̀ láti ṣáájì ọkọ̀, kí ẹ kúkú dà á sínú Corolla, ibi kan náà ni yóò gbé yín dé, ẹ kò sì ní gbọ́ ariwo. Yúnìtì 82 yín yóò gba lítà 41 ó kéré tán, ìyẹn nǹkan bí ₦37,000, láì tíì ka owó ọ́ìlì àti ti mẹkáníìkì. Bí ó bá di pàjáwìrì, ẹ tan án fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ lè dé ibi tí iná wà, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di àṣà. Ẹ sì rántí pé èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹrù náà rárá.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ló kàn, nítorí òun ló ń sọ bí ilé ṣe wúlò tó. Wáyà ìṣáájì tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán máa ń fa áńpù mẹ́wàá. Bí fóltéèjì bá pé 230, ìyẹn jẹ́ yúnìtì méjì ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, ìrìn Ọ̀fà ọjọ́ kan yóò sì gba wákàtí mẹ́wàá. Bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀ sí 190, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan éésì lálẹ́, ó di wákàtí méjìlá. Mo ti wọn 160 rí nílé kan, ọkọ̀ náà sì kọ̀ jálẹ̀, kò gbà kankan. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá, ẹ ní láti fa ìlà tirẹ̀ fún ọkọ̀: wáyà 6 mílímítà tààrà láti ibi bíréékà, bíréékà tirẹ̀ tí yóò já bí iná bá fẹ́ gbé ènìyàn, àti irin ilẹ̀ tó dára. Leaf tó lè gba yúnìtì mẹ́fà àbọ̀ ní wákàtí kan yóò parí iṣẹ́ ọjọ́ Ọ̀fà láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín dáadáa, nítorí àwọn kan lára àwọn àtijọ́ kò lè gbà ju mẹ́ta ó lé díẹ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ fún wọn ní iná gbogbo Ìlọrin.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Adéwọlé ní aago mẹ́fà ìdájí. Ẹ̀sìténṣọ̀n tí wọ́n rà ní ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n fi ṣáájì ọkọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo débẹ̀, pílọ́ọ̀gì ti yọ́ mọ́ inú ihò rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ bí àkàrà tó jóná, òórùn rọ́bà sì gba gbogbo pálọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè má lè gbé ẹrù tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ fún wákàtí mẹ́wàá. Ewu mìíràn wà fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá: wáyà tó wà nínú búùtù rẹ̀ lè jẹ́ ti fóltéèjì 120 nìkan. Bí ẹ bá ki wáyà náà bọ iná wa, yóò bú gbàù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí rẹ̀ kí ẹ tó dán an wò. Owó wáyà, bíréékà àti irin ilẹ̀ yìí wà lára iye tí ìṣáájì ilé ń náni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ óò san án. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé tó ń bá àwọn mìíràn pín mítà, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ọkọ̀, kí ẹ sì ra mítà kékeré tí yóò máa ka ti ọkọ̀ nìkan.

Ní ti sólà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì lè mú nǹkan bí yúnìtì méjìlá wá ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò àti nígbà tí eruku ọyẹ́ bá bo páńẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ju ìdajì ìrìn Ọ̀fà kan lọ. Ìṣòro tiyín ni pé nígbà tí oòrùn bá ń mú lórí òrùlé yín ní Tánkẹ́, Ọ̀fà ni ọkọ̀ yóò wà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kó iná náà sínú bátìrì ínfátà kí ẹ tó fi ṣáájì ọkọ̀ lálẹ́, ẹ óò pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, bátìrì ínfátà yín yóò sì tètè gbó. Àwọn ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ sí ibi iṣẹ́ ni sólà yóò wúlò fún ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ti ní sólà nílé tẹ́lẹ̀, ẹ lò ó láwọn ọjọ́ yẹn láìwẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọkọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ rà á, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá jáde síta, níbi tí àbúrò yín wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná ilé lásán ń lọ ní nǹkan bí pẹ́nì 25 fún yúnìtì kan, àwọn ilé iṣẹ́ iná kan sì máa ń tà á ní nǹkan bí pẹ́nì méje lóru fún ẹni tó ní ọkọ̀ oníná. Níta, níbi tí ọkọ̀ ti ń yára gba iná lẹ́bàá títì, ó sábà máa ń wà láàárín pẹ́nì 70 sí 80. Lítà epo wọn wà ní nǹkan bí pọ́ùn kan àti pẹ́nì 40. Ẹ fi ìwọ̀n wa wò ó: ìdajì rẹ̀ jẹ́ pẹ́nì 70. Òótọ́ ni àbúrò yín ń sọ, iná ìta ti ré kọjá ààlà. Ara ohun tó fà á ni pé ìjọba wọn ń gba owó orí ọjà ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí iná ilé, ó sì ń gba ogún lórí ti ìta. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó ìjọba. Ẹ̀rọ tó lè da yúnìtì 50 sínú ọkọ̀ ní wákàtí kan gbówó lórí gan-an, ó nílò tiransífọ́mà àti wáyà tó nípọn, ó ń san owó ilẹ̀, ó ń san owó ẹni tó ń tún un ṣe, ó sì lè dúró lásán ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́ láìsí ọkọ̀ kankan. Orí yúnìtì díẹ̀ tó bá tà ni yóò ti rí gbogbo owó yẹn. Ó dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrẹsì tí ẹ sè nílé àti èyí tí ẹ jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì: ìrẹsì kan náà ni, àmọ́ ẹ ń san owó àga àti ti amúlétutù.

Nílẹ̀ wa, ẹrù kan tún wà lórí ẹni tó bá dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: iná kò dúró. Bí yóò bá ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó gbọ́dọ̀ ra dísù tàbí kó kó sólà àti bátìrì jọ, oníbàárà ni yóò sì san án. Àjọ NADDC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀ nílẹ̀ wa, gba ọ̀nà sólà nígbà tó ṣí ibùdó ìṣáájì sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021, wọ́n sì gbé irú rẹ̀ lọ sí Yunifásítì Èkó àti ti Nsukka. Bí ẹ bá bá ibùdó pàdé níbikíbi, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò kí ẹ tó ki wáyà bọ ọ́. Àkọ́kọ́, ṣé yúnìtì ni wọ́n ń kà tàbí ìṣẹ́jú? Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú, kí ẹ yọ ọ́ kó tó kọjá ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí láti ibẹ̀ lọ, bátìrì ń rọra gbà á bí ọmọ tó ti yó, aago sì ń sáré. Èkejì, ṣé ẹnu wáyà wọn bá ti ọkọ̀ yín mu? Ẹnu tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO ni Leaf fi ń gba iná kíákíá, CCS ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń lò, ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà sì tún yàtọ̀. Ẹkẹta, bí ó bá jẹ́ irú òpó tí kò yára, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà ńlá tan yín. Òpó tó lè fúnni ní yúnìtì 22 ní wákàtí kan kò lè fún Leaf yín ju mẹ́fà àbọ̀ lọ, nítorí inú ọkọ̀ ni ìdíwọ̀n rẹ̀ wà. Ká ní ibùdó kan ń ta yúnìtì ní ₦400, owó ọ̀sẹ̀ yín yóò jẹ́ nǹkan bí ₦33,000. Ó ṣì dín díẹ̀ sí epo, àmọ́ ẹ kò ní rí èrè tó yẹ kí ẹ torí rẹ̀ ra ọkọ̀ mìíràn.

Ìta tó wúlò fún yín ju ìyẹn lọ ni Ọ̀fà fúnra rẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ yín bá gbà yín láyè, tàbí bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tí iná wọn dúró, wákàtí márùn-ún tí ọkọ̀ fi dúró níbẹ̀ lè dá ìdajì ìrìn náà padà. Ẹ ka mítà wọn kí ẹ tó ki wáyà bọ ọ́, ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé bàbá yín. Fóònù ni ènìyàn ń ṣáájì nílé mọ̀lẹ́bí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kù. Oníṣẹ́ iná ni mí, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí táyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bátìrì nìkan ni mo lè dá sí. Irú Leaf tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà yìí kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ lásán ló gbára lé, ooru sì máa ń mú un gbó kíákíá. Àwọn tó ń lò ó ní Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti pọ̀, ti fi ìbínú sọ bẹ́ẹ̀ láti 2012. Ìlà méjìlá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń fi agbára bátìrì hàn nínú ọkọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń dínkù ni bátìrì ṣe ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Èyí tó jẹ́ yúnìtì 24 tó jáde ní 2011, bí ó tilẹ̀ wà ní tuntun, kò ju nǹkan bí 117 kìlómítà lọ ní ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, kò lè lọ sí Ọ̀fà kó sì padà láìgba iná níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín pé yóò dé Ọ̀fà pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, àbọ̀ ni kí ẹ bi í. Èyí tó jẹ́ 40, tí ìlà rẹ̀ ṣì pé mẹ́wàá ó kéré tán, ni mo lè fọwọ́ sí fún ìrìn yín. Ẹ má sì fi ìṣáájì kíákíá ṣe oúnjẹ òòjọ́ fún un, nítorí ooru náà ló ń gbé wọlé.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ gbọ́ ti àbúrò yín ní ti ìta, kí ẹ má sì gbọ́ ti aládùúgbò yín ní ti Báǹdì A, níwọ̀n ìgbà tí iná Báǹdì A náà bá ń wá bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Nílẹ̀ wa, yúnìtì òru kò dín sí ti ọ̀sán lówó bí ti àbúrò yín. Síbẹ̀, lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́ ni kí ẹ máa ṣáájì, nítorí fóltéèjì máa ń gbé orí sókè nígbà tí àwọn ènìyàn bá sùn, tiransífọ́mà tí gbogbo àdúgbò dáwó tún ṣe kò sì ní tìtorí ọkọ̀ yín jó. Ohun tí mi ò lè ṣírò fún yín láti ìhín ni òru àdúgbò yín. Nítorí náà, ẹ fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ mítà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ láàárín aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ọjọ́ Ọ̀fà yín bá jẹ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, òru méjì wà láàárín wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára sì lè tó yín, bí òru méjèèjì bá fún yín ní wákàtí mẹ́wàá lápapọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ léra, ìlà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fà, kí ẹ sì rí i pé òru kọ̀ọ̀kan kò dín ní wákàtí mẹ́rin. Bí ìwé náà bá fi òru tí kò tó bẹ́ẹ̀ hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ra Leaf náà. Ẹ má ta Corolla títí tí ìwé náà yóò fi pé, bí ẹ bá sì ra Leaf náà, ẹ dá Corolla dúró fún oṣù mẹ́ta sí i.